Wẹ́ẹ̀bùsáìtì di tuntun, bọ́tìnì kú: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Joju béèrè kó tó sanwó àtúnṣe

Àwọn oníṣòwò kéékèèké pọ̀ ní Joju, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ní Ṣàngó-Ọ̀tà, tó jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá agbègbè náà àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni oníbàárà wọn. Ẹni tó ń ta nylon wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Èyí tó bá sì ti ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì nínú wọn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọkùnrin tó bá a ṣe é yóò wá sọ pé: “Ọ̀gá, wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín ti gbó o, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di tuntun.”

Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ló ń sọ. Ọ̀gá yóò sanwó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wẹ́ẹ̀bùsáìtì yóò ṣí, àwòrán á máa dán gbinrin, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnì tí fọ́ọ̀mù ìbéèrè ọjà fi ń jáde, kò ní sí nǹkan kan. Kò ní kọ ohunkóhun síta pé nǹkan bàjẹ́. Oníbàárà náà kò sì ní tẹ ẹnikẹ́ni láago láti fi ẹjọ́ sùn, yóò kàn gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ ni. Ìyẹn ni àdánù tó ń dunni jù, nítorí ẹni tó pàdánù kò mọ̀.

Kí ló fà á? Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo wẹ́ẹ̀bùsáìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò wọ́pọ̀. Kóòdù JavaScript tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, ọ̀kan á sì gbára lé òmíràn. Ẹ wo Bootstrap, tí Mark Otto àti Jacob Thornton ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Twitter, tó sì jáde lọ́dún 2011. Ó gbára lé jQuery, tí John Resig gbé jáde lọ́dún 2006, títí dé ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ó já jQuery sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára bọ́tìnì, data-toggle, wá di data-bs-toggle. Bí oníṣẹ́ bá gbé ẹ̀dà tuntun wọlé tí kò tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ, bọ́tìnì ti kú nìyẹn. Bí ó bá sì yọ jQuery kúrò pátápátá, kàlẹ́ńdà tàbí àwòrán tó ń yí lójú ewé, tó ṣì gbára lé e, yóò bá a lọ.

Mẹkáníìkì tó bá gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò mìíràn sínú mọ́tò tó wà nílẹ̀ mọ̀ pé ó ku wáyà, ó ku họ́ọ̀sì, ó ku ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó sí. Bákan náà ló rí.

Ohun tí wọ́n gbára lé náà lè kéré gan-an. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2016, Azer Koçulu bá npm, ilé ìkẹ́rù ńlá tí wọ́n ti ń kó kóòdù, ní gbólóhùn asọ̀ nítorí orúkọ, ó sì kó gbogbo kóòdù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, left-pad, kò ju ìlà 11 lọ. Iṣẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà káàkiri ayé dúró fún wákàtí díẹ̀, títí npm fi dá a padà.

Nítorí náà, kí ni oníṣòwò lè béèrè? Àkọ́kọ́ ni fáìlì méjì: package.json, tó ń ka àwọn kóòdù tí wọ́n lò, àti package-lock.json, tó ń sọ ẹ̀dà tó jẹ́ gan-an. Kí ẹ̀dà méjèèjì wà lọ́wọ́ ọ̀gá pẹ̀lú gbogbo kóòdù yòókù, nítorí oníṣẹ́ lè kó lọ sílùú mìíràn. Nọ́ńbà mẹ́ta ló sábà máa ń wà lára ẹ̀dà, bíi 4.6.2. Bí ti àárín tàbí ti ìkẹyìn bá yí, kò sábà mú wàhálà lọ́wọ́. Ti iwájú ni kí wọ́n bẹ̀rù.

Láti ẹ̀dà keje npm, tó jáde lọ́dún 2020, ló ti máa ń kọ̀ bí kóòdù méjì kò bá bára mu. Àwọn oníṣẹ́ kan á wá kọ --force láti fipá mú un. Nígbà mìíràn ó nídìí, ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ ṣàlàyé ìdí náà.

Kì í ṣe pé kí wọ́n fi wẹ́ẹ̀bùsáìtì sílẹ̀ kó máa gbó lọ. Àtìlẹ́yìn fún ẹ̀dà kẹrin Bootstrap ti dópin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, jQuery náà sì dí ihò ààbò kan nínú ẹ̀dà 3.5.0 lọ́dún 2020. Ẹni tó ṣì ń lo èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Orí ẹ̀dà ìdánwò ni kí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe èyí tí oníbàárà ń wò, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ kóòdù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀gá wá mú fóònù kékeré irú èyí tí oníbàárà rẹ̀ ń lò, kó tẹ gbogbo bọ́tìnì, kó kọ ìbéèrè ọjà kan ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, kó tó san ìyókù owó.