Iná Tí Ilẹ̀ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dá

Láti ọjọ́ 23 sí ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 1975, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì péjọ sí Libreville, olú-ìlú Gàbọ́ọ̀nù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí eérú. Iná tó fi eérú ọ̀hún sílẹ̀ ti jó láti nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn. Ta ló dá a? Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Ìṣirò tí kò dọ́gba ló tú àṣírí náà ní 1972. Ní Pierrelatte, nílẹ̀ Faransé, wọ́n ń yẹ yùréníọ̀mù tí wọ́n hú ní Oklo, ní gúúsù ìlà-oòrùn Gàbọ́ọ̀nù, wò. Níbi gbogbo láyé, ìdá 0.720 nínú ọgọ́rùn-ún yùréníọ̀mù ni ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní 235. Ti Oklo jẹ́ 0.717. Ẹni tí kò mọ̀dí lè ní kí ló wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yà yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù! Wọ́n wádìí títí, wọn kò rí olè. Inú àpáta ni ó ti jó dànù.

Paul Kuroda, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1956 pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹ̀yà 235 tó bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, bíi ti èyí tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná lónìí. Bí ó bá fọ́, ó ń tú èérún wẹ́wẹ́ jáde, ṣùgbọ́n eré àwọn èérún náà máa ń pọ̀ jù, omi ló ń dẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè fọ́ òmíràn. Omi tí gbogbo ayé mọ̀ sí apaná, òun ló ń dáná ní Oklo. Bí ooru bá mú, omi á gbẹ, iná á kú. Bí àpáta bá tutù, omi á padà, iná á tún ràn. Ìṣirò kan fi hàn pé ó ń jó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì ń sinmi fún wákàtí méjì ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ìdí tí eérú náà fi ṣe pàtàkì ni pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo iná núkílíà ń wá ibi tí wọn yóò sin pàǹtírí rẹ̀ sí. Ní Oklo, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni kò kúrò lójú ààrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn sá lọ.

Wọ́n ti hú púpọ̀ nínú àwọn ààrò náà lọ kí iṣẹ́ kùsà ibẹ̀ tó parí ní 1999. Ti Bangombé, tó wà lọ́tọ̀, ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò jìn sójú ilẹ̀, omi òjò sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.