Ẹnuwá, Ìwé Ìbí àti Bí Òfin Ṣe Ń Mọ Ènìyàn

Ní Ẹnuwá, gbàgede iwájú ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣì ń dárúkọ Lúwòó Gbàgìdá, obìnrin kan ṣoṣo tó jọba nínú àwọn Ọọ̀ni, ẹni tí wọ́n ní ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìgboro, tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde káàkiri Ifẹ̀. Lúwòó kò di ọkùnrin kó tó gorí oyè. Àṣà ìlú ló fàyè gbà á. Ìjọba òde òní, ní tirẹ̀, ìwé ló ń wò.

Òfin 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan ní Nàìjíríà, akọ tàbí abo ni wọ́n sì ń kọ sí orúkọ ọmọ. Síbẹ̀, àwọn kan wà, tí a ń pè ní transgender, tí wọ́n mọ ara wọn dájú sí ọkùnrin tàbí obìnrin ní òdì-kejì ohun tí ìwé náà sọ. Kò sí òfin Nàìjíríà tó la ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣàtúnṣe rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, ẹjọ́ ló bí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 1970, Adájọ́ Ormrod pinnu nínú ẹjọ́ Corbett pé bí ara ṣe rí nígbà ìbí ni òfin yóò máa wò tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àwọn ilé-ẹjọ́ sì rọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, Christine Goodwin, tó ń gbé ayé rẹ̀ bí obìnrin, rí i pé òfin ṣì ní kí òun máa san owó tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìfẹ̀yìntì títí di ẹni ọdún 65 bíi ti ọkùnrin, nígbà tí àwọn obìnrin ń ṣíwọ́ ní 60. Ó tilẹ̀ ń fi àwọn àǹfààní kan sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìwé ìbí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá a láre ní 11 Oṣù Keje 2002, ìyẹn ló sì mú kí àwọn aṣòfin ṣe òfin 2004, tó ń fún ẹni tó ti pé ọdún 18, tó ti gbé bí ọkùnrin tàbí obìnrin tó mọ ara rẹ̀ sí fún ọdún méjì, tí àwọn dókítà sì jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ní ìwé-ẹ̀rí tuntun. Ní 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ pinnu pé ẹni tí a bí ní obìnrin ni òfin ìdọ́gba 2010 ń pè ní obìnrin, ṣùgbọ́n òfin 2004 ṣì wà.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí Nàìjíríà jogún dúró sí 1 Oṣù Kìíní 1900, nítorí náà òfin 2004 kò dé ibí. Òfin Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014 tún sọ pé láàárín ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni ìgbéyàwó wà, èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo inú ìwé ìbí lágbára lórí ẹni tí ènìyàn lè fẹ́. Abala 34 ìwé òfin 1999 ti fi ọ̀wọ̀ fún iyì gbogbo ènìyàn láì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ojúṣe àwọn aṣòfin Àbújá ni láti jẹ́ kí iyì náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìwé wọn ń tako ayé tí wọ́n ń gbé.