Bí Àwọn Aṣòfin Ṣe Ń Jíròrò Kí Àbádòfin Tó Di Òfin

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15, oṣù Keje, ọdún 2021, àwọn sẹ́nétọ̀ pé jọ ní Àbújá, wọ́n sì fa gbólóhùn kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Gbólóhùn náà wà ní abala 52 nínú àbádòfin ìdìbò, ó sì kan olúkúlùkù ẹni tí ó ní káàdì ìdìbò lọ́wọ́: ọ̀nà wo ni èsì ìbò yóò máa gbà kúrò ní ibùdó ìdìbò?

Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tí ó yẹ àbádòfin náà wò ti kọ ọ́ pé Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, lè fi èsì ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe àti nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Sẹ́nétọ̀ kan dìde, ó ní kí wọ́n tún un kọ. Nínú gbólóhùn tirẹ̀, INEC lè gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àjọ tí ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, NCC, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti kárí orílẹ̀-èdè, pé ó sì ní ààbò, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá kánjú kà á lè rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́, ọwọ́ INEC ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nínú ti èkejì, kọ́kọ́rọ́ náà ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Olùdìbò tuntun tí ó bá wo irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifísàn lè sọ pé ìjà ni àwọn àgbààgbà náà ń jà. Àríyànjiyàn wọn ní ìlànà, ó sì ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ilé náà àti àwọn tí ó wà nínú rẹ̀

Ní Àbújá, ilé aṣòfin jẹ́ méjì: Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tí ó ní sẹ́nétọ̀ 109, àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin tí ó ní ọmọ ilé 360. Ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilé kan ṣoṣo ni ó wà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé iye ọmọ ilé náà kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Ti Èkó jẹ́ 40, ti Ọ̀yọ́ jẹ́ 32. Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì ní 26 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ilé fúnra wọn ni wọ́n ń yan Abẹnugan láàárín ara wọn. Bí àwọn tí ó wà ní ìjókòó kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé, tí ọmọ ilé kan sì tọ́ka sí i, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò lè tẹ̀ síwájú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìjókòó, ṣùgbọ́n ìwé òfin gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún un bí àwọn ọmọ ilé bá pinnu bẹ́ẹ̀. Ilé Aṣòfin Èkó ti lo àǹfààní yìí rí, tí ó fi Yorùbá jíròrò ní ọjọ́ kan lára àwọn ọjọ́ ìjókòó rẹ̀.

Lórí tábìlì níwájú Abẹnugan ni ọ̀pá àṣẹ máa ń wà. Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, ní Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, àga ń fò, wọ́n fọ́ ọ̀pá àṣẹ, àwọn ọlọ́pàá sì yin afẹ́fẹ́ tajútajú láti tú ilé ká. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì lórí ẹkùn náà, ó sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso rẹ̀. Títí di òpin ọdún náà ni a fi ń ṣe ìjọba gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn láìsí ilé kan tí aṣojú ti lè dìde béèrè ìdí. Ìlànà ọ̀rọ̀ sísọ tí ó dà bí àṣejù lójú àwọn ọ̀dọ́, irú nǹkan báyìí ni ó ń dènà.

Kíkà ẹ̀ẹ̀mẹta

Àbá tí a fẹ́ sọ di òfin ni à ń pè ní àbádòfin. Gómìnà lè fi í ránṣẹ́, ọmọ ilé kan sì lè gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé gbọ́dọ̀ kà á.

Ní kíkà àkọ́kọ́, akọ̀wé ilé kàn ń ka orúkọ àbádòfin náà sí etí ìgbọ́ gbogbo ilé ni. Kò sí àríyànjiyàn.

Kíkà kejì ni ìjíròrò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gbé àbádòfin wá yóò sọ àléébù tí ó rí nínú ìlú àti bí òfin tuntun yóò ṣe tún un ṣe. Ẹlòmíràn yóò gbè é lẹ́yìn, ẹlòmíràn yóò takò ó. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń jíròrò lé lórí níhìn-ín: ṣé ó yẹ kí irú òfin yìí wà? Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ṣé òfin mìíràn kò ti wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà? Ọmọ ilé kì í kọjú sí ọmọ ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Abẹnugan ni gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí Abẹnugan bá sì pè ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá yà kúrò nínú ìlànà, òmíràn lè dìde láti pe Abẹnugan sí àkíyèsí, òun ni yóò sì dájọ́. Òfin dáàbò bo ohun tí ọmọ ilé bá sọ níbẹ̀: a kò lè gbé e lọ sí kóòtù nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ nínú ìjíròrò ilé. Ìdí rẹ̀ ni pé aṣojú tí ẹ̀rù ẹjọ́ ń bà kò ní lè tú àṣírí ẹni ńlá.

Bí kíkà kejì bá kọjá, àbádòfin yóò lọ sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni ojú ará ìlú kì í sábà tó. Àwọn ọmọ ilé díẹ̀ ni yóò jókòó tì í ní abala-abala, wọn yóò pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn onímọ̀, wọn yóò sì pe ìgbọ́rọ̀ ìta gbangba. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kéde ọjọ́ ìgbọ́rọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ bá kàn. Ìyálọ́jà lè wá, ẹgbẹ́ awakọ̀ lè wá, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 18 lè mú ìwé àbá tirẹ̀ wá. Kò di dandan kí ènìyàn jẹ́ amòfin kí ó tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó máa ń wúlò jù ni èyí tí ó dárúkọ abala tí ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí, tí ó sọ ìpalára tí abala náà yóò ṣe, tí ó sì kọ gbólóhùn tí òun fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìwé tí ó kàn ń ṣépè fún ìjọba kò fún ìgbìmọ̀ ní ohun kan tí ó lè mú lò.

Lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ yóò jábọ̀, gbogbo ilé yóò sì gba àbádòfin náà yẹ̀ wò ní abala kọ̀ọ̀kan. Ìpele yìí ni àwọn sẹ́nétọ̀ wà ní ọjọ́ 15, oṣù Keje, tí abala 52 fi di ìjà.

Bí a ṣe ń dìbò nínú ilé

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn ni wọ́n fi ń dìbò. Ẹni tí ó wà lórí àga yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó fara mọ́ ọn, wọn yóò dáhùn. Yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò fara mọ́ ọn, àwọn náà yóò dáhùn. Yóò wá lu òòlù sí ẹ̀gbẹ́ tí ó gbọ́ pé ohùn rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀nà yìí yára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: ohùn kò ní orúkọ. Kò sí ará ìlú tí ó lè mọ ibi tí aṣojú òun dúró sí.

Nítorí èyí, ìlànà gba ọmọ ilé tí ìdájọ́ òòlù kò tẹ́ lọ́rùn láàyè láti béèrè pé kí a ka ìbò ní orúkọ-orúkọ. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́jọ́ náà nìyẹn. Nígbà tí a kà á tán, sẹ́nétọ̀ 52 fẹ́ gbólóhùn tuntun tí ó mú NCC wọ ọ̀rọ̀. Sẹ́nétọ̀ 28 fẹ́ kí ti ìgbìmọ̀ dúró. 28 mìíràn kò sí níbẹ̀.

Ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, wọ́n pe àwọn aláṣẹ NCC wá láti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ṣe dé àwọn ibùdó ìdìbò sí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alátakò kan bínú jáde kúrò ní ìjókòó. INEC ní tirẹ̀ sọ ní gbangba pé òun lágbára láti ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà gba orí rédíò àti ìwé ìròyìn kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí orúkọ ti wà níta. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún náà, àwọn sẹ́nétọ̀ yí ìpinnu wọn padà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí èsì yóò gbà sí ọwọ́ INEC.

Bí ilé bá ti parí abala gbogbo, kíkà kẹta yóò wáyé. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ìfọwọ́sí

Àbádòfin ìpínlẹ̀ tí ilé bá ti gbà yóò lọ sí iwájú gómìnà, ó sì ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ilé lè tún un gbà pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé, yóò sì di òfin láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀. Ní ilé tí ó ní ọmọ ilé 26, ènìyàn 18 nìyẹn. Ní Èkó, ènìyàn 27. Ní ọdún 2000, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lo irú agbára yìí nígbà tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ kò fọwọ́ sí àbádòfin tí ó dá àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, NDDC, sílẹ̀.

Àbádòfin ìdìbò náà kò lọ geere. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2021, Ààrẹ Buhari dá a padà nítorí abala mìíràn, èyí tí ó sọ ọ́ di dandan pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni yóò dìbò yan olùdíje. Àwọn aṣòfin kò fi agbára ìdá méjì nínú mẹ́ta jà. Wọ́n ṣí abala náà, wọ́n fi ọ̀nà mìíràn kún un. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2022, Ààrẹ fọwọ́ sí i.

Ohun kan ṣì wà tí ó máa ń da olùdìbò rú. Gbogbo ohun tí ilé pinnu kọ́ ni òfin. Ọmọ ilé lè gbé àbá kalẹ̀ lórí ọ̀nà tí ó bàjẹ́ tàbí ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn. Bí ilé bá gbà á, ìmọ̀ràn ni ó jẹ́ fún ìjọba, kò sì di dandan kí gómìnà tẹ̀ lé e. Rédíò lè kéde pé ilé ti pàṣẹ kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, kí ọ̀nà náà má sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àbádòfin ìṣúná ni ó ń gbé owó jáde.

Àwọn 28 tí kò sí níbẹ̀

Bí gbogbo sẹ́nétọ̀ 28 tí kò sí ní ìjókòó bá ti wá, tí wọ́n sì ti gbólóhùn ìgbìmọ̀ lẹ́yìn, ìbò ìbá di 56 sí 52. Bí wọ́n bá ti gbè sẹ́yìn gbólóhùn tuntun, ìbá di 80 sí 28. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí wọn ìbá tò sí, ẹlòmíràn nínú wọn sì lè ní ìdí pàtàkì tí kò fi wá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí a ń jíròrò bí a ó ṣe máa gbé ìbò ará ìlú, àwọn ará ìlú tí ó rán wọn níṣẹ́ kò ní ohùn nínú ilé.

Ìwé òfin kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, lọ́dún. Ọmọ ilé tí kò bá wá sí ìjókòó fún iye tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó lọ, láìsí ìdí tí ó yẹ, yóò pàdánù àga rẹ̀. Àwọn olùdìbò náà lè pe aṣojú wọn padà wálé, bí iye tí ó ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn ìdìbò rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí INEC, tí ìbò tí a ó dì láàárín ọjọ́ 90 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ 15, oṣù Keje, ọdún 2021, àwọn ìwé ìròyìn tẹ orúkọ àwọn tí ó dìbò àti ti àwọn tí kò sí níbẹ̀ jáde. Oṣù 19 ni àwọn olùdìbò fi ní in lọ́wọ́ kí ìdìbò oṣù Kejì, ọdún 2023, tó dé.