Wọ́n jọ já, wọ́n sì jọ gòkè: Ìtàn Remo Stars àti 3SC

Bó bá di ọ̀sán Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ Lánlátẹ̀ a máa kún inú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ẹrúwà àti Igbó-Ọrà ṣe ń ṣe. Wọ́n mọ̀ nípa Luton, Burnley àti Sheffield United tó gòkè sí liigi àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2023, tí gbogbo wọn já wálẹ̀ ní 2024. Leicester, Ipswich àti Southampton tó gorí àtẹ̀gùn náà tẹ̀lé wọn kò lò ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà nílé, kò sì jìnnà sí Ìbàràpá.

Ogún ẹgbẹ́ ló wà nínú liigi àgbà Nàìjíríà. Bí sáà bá parí, mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yóò já sí ìpele kejì. Ní 2017, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ wà lára mẹ́rin náà, Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní 3SC, náà wà níbẹ̀. Remo Stars ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè dé ni. Ti 3SC ló dun àwọn èèyàn jù, nítorí àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976. Fún ọdún bíi mẹ́rin, ẹni tó bá gba ọ̀nà Ẹrúwà lọ wòran wọn ní Adámásìngbà, bọ́ọ̀lù ìpele kejì ni yóò bá níbẹ̀.

Kí ló ń fa irú ìjáwálẹ̀ yìí? Agbábọ́ọ̀lù tó tó láti fi borí nísàlẹ̀ lè má tó lókè. Bí wọ́n bá sì ra tuntun, kí wọ́n tó mọwọ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti lọ. Àmì mẹ́ta ni ẹni tó borí ń gbà, ọ̀kan ni ti ọ̀mì. Ẹgbẹ́ tó bá gbá ọ̀mì nílé, tó wá fi mọ́tò rìn dé Kánò tàbí Maiduguri, agbára káká ni yóò fi rí àmì tó sọnù gbà padà.

Owó nìkan kọ́ o. Ọ̀gbẹ́ni Kunle Soname tó ni Remo Stars ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú Feirense ti ilẹ̀ Pọtogí nígbà náà. Feirense gòkè ní 2016, wọ́n sì ṣe ipò kẹjọ ní sáà àkọ́kọ́ wọn. Ní 2017 yẹn gan-an ni Remo Stars já. Wọ́n tún gòkè, wọ́n sì tún já ní 2019.

Nígbà tó di 2021, Remo Stars àti 3SC jọ padà, pẹ̀lú Gombe United àti Niger Tornadoes. Kò sí èyí tó já nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Remo Stars tilẹ̀ ṣe ipò kẹta, wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023 àti 2024, wọ́n sì gba ife liigi ní 2025 lábẹ́ kóòṣì Daniel Ogunmodede. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní 2000, ife náà kò wọ ìwọ̀-oòrùn gúúsù mọ́.

Ìyẹn tún gbé wọn dé ìpele mìíràn, ìdíje àwọn aṣaájú ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kẹwàá 2025, Mamelodi Sundowns ti South Africa wá bá wọn ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi ayò márùn-ún sí ẹyọ kan na àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́.