Àwọ̀ Tí Kò Ti Inú Aró Wá

Bí ẹ bá bi aláró kan ní Ọ̀fà léèrè ohun tí ó sọ òwú funfun di dúdú bí ẹ̀tù, yóò ní ẹ̀lú ni. Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ohun inú òwú fi lè ní àwọ̀, láìsí ẹ̀lú, láìsí aró rárá.

Sẹ́lúlóòsì ni à ń pe ohun tí òwú jẹ́. Òun náà ni ó wà nínú igi àti pòròpórò ọkà. Ó dà bí okùn tín-ín-rín tí ojú kò lè rí. Àwọn okùn náà di ara wọn mú ṣinṣin. Ìdí nìyẹn tí aṣọ òwú kì í fi í yọ́ bí iyọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ a máa fi sódà líle àti èròjà mìíràn lẹ ẹ̀ka kéékèèké mọ́ okùn náà lára, kí wọn má lè di ara wọn mú mọ́. Nígbà náà ni ó di ìyẹ̀fun tí ń yọ́ nínú omi tútù. Hydroxypropyl cellulose ni orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn oníhóró tí à ń gbé mì.

Ẹ ju ọ̀pá ìgbálẹ̀ mélòó kan sínú ọpọ́n omi: olúkúlùkù yóò kọjú síbi tí ó wù ú. Ẹ wá kó odidi ìgbálẹ̀ mẹ́wàá sí i: dandan ni kí wọ́n tò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyè kò ní gbà wọ́n. Bákan náà, bí ìyẹ̀fun yìí bá ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àpòpọ̀ náà lọ, àwọn okùn rẹ̀ a tò ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan a sì yí díẹ̀ lórí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń ṣàn bí oyin, síbẹ̀ ó ní ètò. Liquid crystal ni wọ́n ń pe irú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ nínú, bí òṣùmàrè ti ń fi hàn wá. Àwọn ìpele náà a dá ọ̀kan padà sí wa lójú, ìyókù a kọjá lọ. Bí omi bá dín kù, búlúù ni a ó rí; bí ó bá pọ̀ sí i díẹ̀, àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà pupa. Werbowyj àti Gray ni ó ṣàlàyé ètò yìí ní Kánádà ní 1976.

Igbó Áfíríkà ti mọ ọgbọ́n náà tipẹ́. Èso kan wà, Pollia condensata, tí ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ búlúù. Ní 2012 àwọn onímọ̀ fi hàn pé sẹ́lúlóòsì tí ó tò ní yíyí ni ó fún un ní àwọ̀ náà. Èyí tí wọ́n ká ní Gánà ní 1974 kò tíì ṣá.

Aṣọ aláró a máa ṣá nínú oòrùn, omi aró iléeṣẹ́ ńlá a sì máa ba odò jẹ́. Àwọ̀ tí ètò bí kì í ṣá níwọ̀n ìgbà tí ètò náà bá dúró. Ṣùgbọ́n ti inú omi yìí kò lágbára: bí omi bá pọ̀ jù, ètò a tú, àwọ̀ a sì lọ. Ẹni tí yóò rí ọ̀nà láti so ó ró lórí aṣọ wa lè wà nínú ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí.