Bí Ẹ Bá Ń Gbé Ọmọ Tó Ń Lo Àga Oníkẹ̀kẹ́ Lọ sí Òkè Òkun

Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ gbé ọmọ yín wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí London la kọ ìwé yìí fún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀, ilé lẹ ó ti parí ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú pé ọmọ yín ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n ti gbọ́, ó pẹ́ tán, ní wákàtí 48 ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ bi wọ́n pé àmì wo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ọmọ. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn. WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tó lè rìn dé ìjókòó rẹ̀. WCHC ni ti ẹni tí kò lè rìn rárá. Bí wọ́n bá ṣi àmì yìí kọ, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn lẹ máa bára yín láìsí ẹni tó máa gbé ọmọ.

Bí àga náà bá ń lo bátìrì lithium tó ṣeé yọ, ẹ wo iye Wh (ìwọ̀n agbára bátìrì) tó wà lára rẹ̀. Bátìrì tí wọ́n bá yọ kì í lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ yín ló máa wà, kò sì gbọ́dọ̀ ju 300 Wh lọ. Bó bá jẹ́ méjì, ìkọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju 160 lọ.

Àga náà fúnra rẹ̀

Ẹsẹ̀ ọmọ ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yíká kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ yọ tìmùtìmù, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé àti ohunkóhun tó lè já bọ́, kí ẹ kó wọn sínú báàgì tí ẹ máa gbé wọlé. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ so ó mọ́ àga náà: ibi tí wọ́n ti ń tú búréèkì, ibi tí wọ́n ti lè dì í mú gbé e, ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ fà.

Ẹ ní kí ọmọ wà lórí àga tirẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Àga tóóró kan ni wọ́n máa fi gbé e wọlé láti ibẹ̀. Ẹ ti ṣàlàyé èyí fún un nílé kí ẹ̀rù má bà á, kí òun fúnra rẹ̀ sì sọ ibi tó ń dùn ún fáwọn tó fẹ́ gbé e. Ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ yìí. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ní dandan ni kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wọlé àti láti sọ̀ kalẹ̀.

Nínú ọkọ̀

Àwọn òbí kan máa ń fi omi du ọmọ, torí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ há. Jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìrìn náà ju wákàtí mẹ́fà lọ, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sì gbẹ. Ẹ fún un lómi, kí ẹ wọ pámpá fún un bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ń lo rọ́bà ìtọ̀, ẹ lọ rí dókítà rẹ̀ ṣáájú. Ẹ máa yí ìjókòó rẹ̀ padà lóòrèkóòrè, pàápàá ọmọ tí kì í mọ ìrora nídìí, kí egbò má baà yọ.

Oògùn kò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹrù ìsàlẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà dókítà dání.

Tí ẹ bá gúnlẹ̀

Ẹ yẹ àga wò kí ẹ tó jáde ní pápákọ̀. Bó bá ti bàjẹ́, ẹ fi tó iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú létí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 7.

Gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú London ló ní pákó ìgùnkè, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó bá wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Takisí dúdú wọn náà ń gbé e. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí kì í ṣe gbogbo ibùdókọ̀ rẹ̀ ni èèyàn lè dé láìgun àtẹ̀gùn. Ẹ wo máàpù tó fi èyí hàn kí ẹ tó jáde nílé.