Orúkọ Òyìnbó lórí sàréè, orúkọ Yorùbá nínú ilé: Bí ẹ ṣe lè tọ ipasẹ̀ àwọn baba ńlá yín ní Freetown

Bí ẹ bá wọ itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà ní Circular Road ní Freetown, olú ìlú Sierra Leone, orúkọ bíi Cole, Johnson, Davies, Macauley àti Williams ni ẹ ó máa kà lórí òkúta, bí ẹni pé ìlú Òyìnbó ni ẹ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé náà ohun tí wọ́n ń pe ìyá àgbà wọn nínú ilé. Ẹ lè gbọ́ Modúpẹ́, ẹ lè gbọ́ Táíwò tàbí Abíọ́sẹ̀.

Láàárín orúkọ méjèèjì yìí ni iṣẹ́ ẹni tó bá ń wá ìran rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ìdílé tí à ń pè ní Sàró ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Bàdágìrì, nítorí láti Freetown ni àwọn baba ńlá wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti ọdún 1839. Ọmọ àwọn tí kò padà ṣì wà níbẹ̀, lára àwọn tí à ń pè ní Krio.

Báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe di Cole?

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọmọ ogun ojú omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ tó ń kó ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ẹnubodè King's Yard tí ọ̀pọ̀ wọn gbà wọlé, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1817, ṣì wà nítòsí ilé ìwòsàn Connaught.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń dàrú, tí ogun sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tiwa pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n kó débẹ̀. "Aku" ni àwọn ará Freetown ń pè wọ́n, nítorí "ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń kíra.

Èyí tí a mọ̀ jù lọ nínú ìtàn wọn ni ti Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù kẹfà ọdún 1822, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Samuel Crowther tí wọ́n sọ ọ́ jẹ́ orúkọ àlùfáà kan ní London tí kò bá a tan rárá. Ká ní Àjàyí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un sílẹ̀ ni, ta ni ìbá tipa orúkọ Crowther dé Òṣoògùn?

Nítorí náà, orúkọ ìdílé nìkan kò lè gbé yín dé ìlú tí ẹ ti ṣẹ̀. Ẹni méjì lè máa jẹ́ Cole ní abúlé kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ Ẹ̀gbá, kí èkejì jẹ́ ọmọ Igbo.

Ohun tí ìwé ìròyìn àtijọ́ lè sọ fún yín

Ọdún 1884 ni ìwé ìròyìn Sierra Leone Weekly News bẹ̀rẹ̀ ní Freetown, kò sì kógbá wọlé títí di 1951. Ní Èkó, Lagos Times dé ní 1880, Lagos Observer ní 1882, Lagos Weekly Record ní 1891. Ẹ̀dà wọn wà ní British Library ní London. Àwọn kan ti wà lórí ayélujára, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé yunifásítì ló sábà máa ń san owó kí èèyàn tó lè rí wọn kà.

Ẹ fi ojú ewé tí wọ́n ti ń bá gómìnà jà sílẹ̀ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn-ún kà. Àwọn ìkéde kéékèèké ni kí ẹ wá: ta ló kú, ta ló gbéyàwó, ta ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibo, agbẹjọ́rò wo ló ń ké sí àwọn tí olóògbé jẹ lówó.

Ní tèmi, ìkéde ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ló níye lórí jù. Ìdílé tó bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá wọn kẹ́dùn lè dárúkọ ọmọ tó wà ní Èkó, àbúrò tó ń ṣòwò ní Bathurst tó di Banjul lónìí, àti àna tó wà ní Cape Coast. Ìlà mẹ́rin péré, ẹbí ti jáde.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí ẹ bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nìkan. Macaulay, Macauley àti McCauley lè jẹ́ ẹni kan náà. Bí ẹ bá mọ oṣù tí èèyàn kú, ẹ ka gbogbo ẹ̀dà oṣù náà àti ti oṣù tó tẹ̀ lé e.

Àwọn mìíràn sì yí orúkọ wọn padà lójú ayé. Ní 1887, William Davies tó ń gbé ní Freetown pa orúkọ náà tì, ó di Orishatukeh Faduma. Ní Èkó, David Brown Vincent di Mojọlà Agbẹ́bí ní 1894. Ẹni tó bá ń wá Vincent kiri lẹ́yìn ọdún yẹn lè rò pé ọkùnrin náà ti kú.

Sàréè ló ń sọ orúkọ obìnrin

Nínú ìwé ìròyìn, obìnrin tó ti lọ́kọ sábà máa ń jẹ́ ìyàwó lágbájá, pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó lè tọ́mọ mẹ́jọ, kó ṣòwò fún ogójì ọdún, kí a má rí orúkọ tirẹ̀ kà. Orí òkúta sàréè ni orúkọ náà sábà máa ń wà, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ ẹni. Bí orúkọ kan tí ẹ kò mọ̀ bá wà láàárín àwọn ẹbí yín, ó lè jẹ́ àna, ó lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Ẹ kíyè sí ọjọ́ orí pẹ̀lú: ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré kò ní ìwé ìbí, àfojúbù ni ọdún tó wà lórí òkúta rẹ̀.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí oòrùn bá ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, ni lẹ́tà tó ti ń parẹ́ máa ń hàn. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì kun òkúta, ẹ má sì da kẹ́míkà sí i.

Àwọn Krio kò fi àwọn òkú wọn sílẹ̀. Wọ́n máa ń se àsè tí wọ́n ń pè ní awujoh, àwùjọ tiwa gan-an, pẹ̀lú ẹ̀wà àti àkàrà, wọ́n sì máa ń lọ bu omi sí ojú sàréè, kí wọ́n sọ fún olóògbé pé a fẹ́ gbéyàwó tàbí pé ọmọ kan fẹ́ rìnrìn àjò. Orúkọ inú ilé ni wọ́n fi ń pe òkú níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ ká ohùn wọn sínú fóònù yín.

Fún àwọn Aku tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pè ní Oku, ní Fourah Bay àti Fula Town, mọ́ṣáláṣí àti àwọn àgbà àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìjọ ló pọ̀ jù nínú ìkéde àwọn ìwé ìròyìn yẹn.

Ìwé tó kọ ilà ojú sílẹ̀

Bí ẹ bá ti tọpa ìdílé dé nǹkan bí ọdún 1840, ó ku ìwé kan. Àwọn akọ̀wé ìjọba ní Freetown kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, bí wọ́n ṣe ga tó, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú bù fún wọn, àti àpá tó wà lára wọn. Ìwé náà wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Fourah Bay College. Lórí ayélujára, African Origins kó orúkọ èèyàn 91,491 jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown àti ní Havana, Cuba.

Etí ni akọ̀wé fi gbọ́ orúkọ, kò sì gbédè wa. Ẹ pe orúkọ náà sókè, kí ẹ tún un pè, kí ẹ tó sọ pé kì í ṣe Yorùbá. "Àpá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì" lè jẹ́ àbàjà, ó lè jẹ́ pélé. Akọ̀wé kò mọ ìyàtọ̀, àgbà ilé yín lè mọ̀ ọ́n.

Ìwé yìí kò sọ ẹni tó padà di Cole. Abúlé tí wọ́n pín èèyàn sí, bíi Hastings, Waterloo, Wellington tàbí Regent, ni afárá, nítorí ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó wà nínú ìjọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ yára. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1999, ilé púpọ̀ jóná ní apá ìlà-oòrùn ìlú náà, pẹ̀lú Bíbélì tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé sí.

Kì í ṣe ogun nìkan ló ń pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ní Èkó, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin Crowther sí lẹ́yìn tó kú ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891, òun àti ọ̀pọ̀ Sàró mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ibẹ̀. Wọ́n gbé egungun Crowther lọ sí Cathedral Church of Christ ní Marina. Ní ti àwọn tí kò lórúkọ tó bẹ́ẹ̀, òkúta wọn ti lọ. Ìkéde ìlà mẹ́ta nínú Lagos Weekly Record lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù nípa wọn.